Nígbà tí Álífù Di Ṣíínù

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Alfa Àbdùlwàhàb ti fi ń kọ tírà ní Niamey, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tó mọ ohun tó ń kọ sínú wọn. Àwọn tó ń so wọ́n mọ́rùn kò mọ̀. Kúbúrá ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a ká ìwé náà kó tó lọ sọ́dọ̀ oníṣọ̀nà awọ, kò mọ̀. Àwọn alfa ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì bá ìwé rẹ̀ ní títẹ́ sílẹ̀, wọn a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí àṣírí alfa kì í ṣe ohun tí alfa mìíràn ń yọjú wò.

Bobiel nilé rẹ̀ wà, lápá àríwá ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ kìkì yanrìn, tí ọlọ́kadà a máa sọ̀ kalẹ̀ ti alùpùpù rẹ̀ kó tó lè kọjá. Yàrá mẹ́ta ni, àti àgbàlá kan, àti igi dóńgóyárò kan tí àwọn ọmọ kéwú ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn Zarma ń pè é ní Alfaga. Àwọn Hausa ń pè é ní Málàm. Àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Niamey ń pè é ní Alfa Òkè-Màlé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í gbé ohùn sókè bá ọmọdé, kì í sì í jẹ gbèsè ọ̀rọ̀: bó bá ti ṣẹnì kan, a tètè tọrọ àforíjì. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò lè tọrọ àforíjì rẹ̀, nítorí kò lè sọ ọ́.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀, Alfa Mùhàmmádù, láti Ìlọrin wá sí Niamey. Àdéhùn wọn ni pé yóò sin olùkọ́ náà fún ọdún méje, olùkọ́ náà yóò sì kọ́ ọ ní ìmọ̀ lẹ́tà: bí a ṣe ń ka iye lára orúkọ ènìyàn, bí a ṣe ń to iye náà sínú àpótí onígun mẹ́rin, orúkọ tí à ń pè sí i, wákàtí tí à ń pè é. Ọdún kẹta ni ibà mú olùkọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi dùbúlẹ̀, ní ọjọ́ keje wọ́n gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú. Nínú gbogbo ìmọ̀ náà, ẹnu ọ̀nà nìkan ni Àbdùlwàhàb tíì dé, ìyẹn ni bí a ṣe ń yí lẹ́tà padà kí ẹni tí kò yẹ má bàa lè kà á.

Ìyẹn kò ṣòro. Gbogbo ọmọ kéwú ló mọ lẹ́tà bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sórí wálàá: álífù, báù, táù. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà tó dàgbà ju ìyẹn lọ, tí wọ́n ń pè ní abájádà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti álífù, báù, jíímù, dáálù, ó sì parí sí ṣíínù gẹ́gẹ́ bí àwọn alfa apá ọ̀dọ̀ wa ṣe ń kà á. Lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Olùkọ́ ní kó kọ gbogbo wọn sórí ìlà kan, kó ká ìlà náà sí méjì bí ẹni ká aṣọ, kí ti àkọ́kọ́ dojú kọ ti ìkẹyìn. Níbi tó bá yẹ kí álífù wà, ṣíínù ni kó kọ. Níbi tó bá yẹ kí ṣíínù wà, kó kọ álífù. Báù a di gáínì, gáínì a di báù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àárín. Ẹni tó bá rí i, lẹ́tà kéwú ló máa rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa kà kò ní ní orí, kò ní ní ìdí.

Olùkọ́ kú, àwọn ènìyàn kò dẹ́kun wíwá. Opó olùkọ́ wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, ilé náà kò sì ní ọ̀nà oúnjẹ mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ wá tí gìrì ń gbé, ó ní kí alfa kékeré kọ nǹkan fún un. Àbdùlwàhàb kò mọ ohun tí à ń kọ fún gìrì. Ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ojú obìnrin náà ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó fa tàdáà ìkọ̀wé mọ́ra, ó sì kọ ohun tó wá sí i lọ́kàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà kéwú bí àwọn ará Ìlọrin ṣe máa ń kọ ọ́: Ọlọ́run, wo ọmọ yìí sàn, èmi ò mọ nǹkan kan. Ó wo ohun tó kọ, ojú tì í. Ó ká abájádà sí méjì, ó yí gbogbo lẹ́tà padà, ó ká ìwé náà, ó fà á fún obìnrin náà.

Ọmọ náà yè. Bóyá ì bá yè láìsí ìwé náà, ta ló mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé kó tó di Jímọ̀, ẹsẹ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà.

Ó ní òun yóò dá a dúró tóun bá ti rí alfa tí yóò parí ẹ̀kọ́ náà fún òun. Kò rí i. Ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́rin, orí rẹ̀ funfun. Gbogbo tírà tó kọ, àdúà Yorùbá ni, tí a yí lẹ́tà rẹ̀ padà, àwọn tó sì gbà á rò pé áyà Àlùkùránì ńlá ńlá àti orúkọ àwọn málááíkà ló wà níbẹ̀. Kò parọ́ fún wọn lẹ́nu. Wọn kò bi í, kò sì sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé tírà àtijọ́ wá pé kó tún awọ rẹ̀ ṣe, a gbà á, a wọ yàrá, a sun ìwé inú rẹ̀, a kọ òmíràn sí i. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kì í jẹun.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni Rùqáyyà, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé-ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ sì fúyẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ ọn lẹ́nu, a fi Faransé dí ojú ihò náà, a máa bá tirẹ̀ lọ. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Dar es Salam, àdúgbò kan nínú Niamey. Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ rí i tó wọ àgbàlá nígbà tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Rùqáyyà kí i, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí n dúró sílé," ló wí. "Ọjọ́ Sátidé ni àwọn òbí máa ṣe réyúníọ̀n lórí ọ̀rọ̀ mi."

"Kí lo ṣe?"

"Mo kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú lẹ́tà. Ìṣirò ni. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rọ́pò ti àkọ́kọ́. Inú wọn dùn, wọ́n ń kọ ìwé síra wọn. Mo wá ní kí n sọ ibi tó ti wá fún wọn, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn Júù àtijọ́. Mo kọ lẹ́tà Hébérù méjìlélógún sórí tàbúlò, wọ́n sì dà á kọ. Bàbá Fàtímà rí i nínú ìwé ọmọ ẹ̀."

Bàbá Fàtímà ni Gbàdàmọ́sí, ọmọ Ìlọrin tó ń ta táyà àti ẹ̀yà alùpùpù ní Dar es Salam. Ó ti sọ̀rọ̀ sórí wọ́sáàpù ní Yorùbá àti ní Hausa, pé tíṣà kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ mùsùlùmí ní oògùn Júù. Láàárín ọjọ́ méjì, ohùn rẹ̀ ti dé àdúgbò Poudrière, ó ti dé Bobiel. Ọ̀gá ilé-ìwé kò sọ pé Rùqáyyà ṣẹ̀. Ó kàn ní kó má wá títí àwọn òbí yóò fi péjọ.

"Mú ìwé náà wá," ni Alfa wí.

Rùqáyyà fa ìwé tó fi ń múra iṣẹ́ yọ nínú báàgì. Alfa wọ awò ojú rẹ̀. Ohun tó rí ni ìlà lẹ́tà méjì tó dojú kọra wọn: lẹ́tà àkọ́kọ́ lókè, lẹ́tà ìkẹyìn nísàlẹ̀ rẹ̀, èkejì lókè, èyí tó ṣáájú ìkẹyìn nísàlẹ̀. Kò mọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò sí bí kò ṣe ní mọ kíká tí wọ́n ká a.

"Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?" ló bi í.

"Átíbáṣì. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ẹ̀, Bàbá. Álẹ́fù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, táfù ni wọ́n fi ń parí. Álẹ́fù di táfù, bẹ́tì di ṣínì. Á-t, b-ṣ."

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe?"

"Àwọn àgbà wọn tó ń wá inú ọ̀rọ̀, wọ́n gbà pé lẹ́tà ni Ọlọ́run fi dá ayé. Torí náà, bí èèyàn bá pààrọ̀ lẹ́tà ọ̀rọ̀ mímọ́ kan, ọ̀rọ̀ míì lè wà lábẹ́ ẹ̀ tó ti ń dúró dè é. Temúrà ni wọ́n ń pè é. Pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Wọ́n sì tún fi ń pa orúkọ mọ́. Bábélì, ìlú tó kó wọn lẹ́rú, bí wọn ò bá fẹ́ dárúkọ ẹ̀ ní gbangba, bẹ́tì àkọ́kọ́ á di ṣínì, bẹ́tì kejì á di ṣínì, lámẹ́dì á di káfù. Bábélì á di Ṣéṣákì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n."

Alfa fi ìka tọ ìlà náà lọ títí dé àárín. "Kíká yìí nìkan ni wọ́n mọ̀?"

"Rárá, ó tún kù. Wọ́n lè gé e sí mọ́kànlá-mọ́kànlá, kí álẹ́fù bá lámẹ́dì, kí bẹ́tì bá mẹ́mù. Ìyẹn ni álíbámù." Rùqáyyà wojú bàbá rẹ̀. "N ò tíì sọ fún yín pé wọ́n ń ká a. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo rí i nínú ìwé rẹ níbí."

Rùqáyyà kò bá a jiyàn. Ó ní, "Ètò lẹ́tà wọn náà, abájádà yín ni. Álẹ́fù, bẹ́tì, gímẹ́lì, dálẹ́tì. Álífù, báù, jíímù, dáálù. Ìgbà tí mo rí i ní yunifásítì, ẹ̀rín pa mí. Mo ní mo máa sọ fún yín, mo tún rò pé inú lè bí yín." Ó fọwọ́ nu ojú. "Bàbá, ẹ bá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kì í ṣe oògùn. Wọ́n á gbà á lẹ́nu yín."

"Jẹ́ kí n rò ó," ni Alfa wí.

Ohun tó wà láti rò kò gùn. Tírà mẹ́ta ló ti kọ fún ilé Gbàdàmọ́sí. Bó bá dìde láti sọ pé yíyí lẹ́tà padà kì í ṣe oògùn, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Bó bá sọ bó ṣe mọ̀, wọ́n á bi í ohun tó ń yí. Gbogbo ọ̀nà ló forí lé ibì kan náà, ibẹ̀ sì ni kò fẹ́ dé láti gbogbo ọdún yìí wá.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, lẹ́yìn tó dé láti mọ́sálásí, Kúbúrá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Bàbá Rùqáyyà," ló wí, "ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ohun kan ń bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí."

Alfa ń ṣan ọwọ́.

"Bí wọ́n bá gbé tírà àtijọ́ wá, ẹ kì í jẹun lọ́jọ́ náà. N ò bi yín rí, n ò sì ní bi yín lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí wà nínú yàrá yẹn láti àná, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bó bá jẹ́ pé ohun tó lè yọ ọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún un."

"Bí mo bá fún un, Kúbúrá, èmi ni mo máa bọ́ sínú ẹ̀."

"Ẹ̀yin ti dàgbà," ni Kúbúrá wí. "Ẹ máa lè gbé e. Òun ṣì kéré." Ó gbé ife omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Alfa wọ agbádá funfun, ó wé láwàní, òun àti Rùqáyyà wọ tákísì lọ sí Dar es Salam. Nínú kíláàsì tí wọ́n péjọ sí, bí ọgbọ̀n òbí ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn ga. Kò sí iná, ẹ̀rọ abẹ́ẹ̀bẹ̀ dúró gangan sórí wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin Zarma kan tó ń fi aṣọ nu ọrùn, kí gbogbo ènìyàn, ó ní kí ẹni tó mú ẹjọ́ wá sọ tẹnu rẹ̀.

Gbàdàmọ́sí dìde. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oníṣòwò ni, tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ummusalmah ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó fa gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

"N ò ní ìjà pẹ̀lú tíṣà yìí," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Bàbá ẹ̀ ni alfa mi. Ọwọ́ wọn ni mo ti gba tírà gbogbo ilé mi. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí nìyẹn. Ọmọ alfa ló ń kọ lẹ́tà Júù fún àwọn ọmọ wa, tó ní kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi ò lọ ilé-ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ padà, oògùn ló ń ṣe. Alfa wà níjòókòó. Kí wọ́n sọ bóyá irọ́ ni mo pa."

Gbogbo ojú yí sí Alfa Àbdùlwàhàb. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan bẹ́ǹṣì kó tó dúró dáadáa. Zarma ló fi sọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Gbàdàmọ́sí ò parọ́," ló wí.

Rùqáyyà gbé ojú sílẹ̀.

"Ó rí lẹ́tà Júù lóòótọ́, ó sì rí i pé wọ́n ń yí wọn padà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwa náà ń yí tiwa. Ẹ fún mi ní ẹfun ìkọ̀wé."

Ó lọ síwájú pátákó. Ó kọ abájádà láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì, mẹ́rìnlá lókè, ó ṣẹ́rí padà láti apá òsì, ó kọ mẹ́rìnlá tó kù sísàlẹ̀, ó fa ìlà láti orí álífù dé orí ṣíínù. Ó ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ kéwú. Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ Fàtímà, ó yí i: fáù di láámù, álífù di ṣíínù, títí ó fi tán.

"Mo ti yí orúkọ ọmọ náà padà," ló wí. "Ọmọ náà wà nílé. Bí ẹ bá pè é lórí fóònù, á dá yín lóhùn. Ohun tí àwọn Júù ń ṣe àti ohun tí èmi ń ṣe, kíká kan náà ni. Lẹ́tà wọn jẹ́ méjìlélógún, tiwa jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, nítorí mo fi pamọ́ fún un. Ó rí i lọ́dọ̀ tirẹ̀."

Gbàdàmọ́sí ṣì wà lórí ìdúró. Ó wo pátákó náà pẹ́. "Alfa," ló wí ní Yorùbá, "ṣé ohun tó wà nínú tírà wa nìyí?"

"Ohun náà ni."

"Ẹ yí i padà báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Áyà wo lẹ wá yí?"

Ibi tí Alfa ti ń sá fún nìyẹn, ó sì ti dé e. Ó rò pé òun lè dárúkọ áyà kan, kí òun sì máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe áyà," ló wí. "Olùkọ́ mi kú kó tó kọ́ mi ní ohun tí à ń kọ. Àdúà ni mo ń kọ, ní Yorùbá, bó bá ṣe wá sí mi lẹ́nu. Mo wá ń yí i padà kí ẹ má bàa mọ̀ pé n ò mọ nǹkan kan."

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń bi àwọn tó gbọ́ ọ. Nígbà náà ni Ummusalmah ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó yọ tírà kékeré kan tí awọ rẹ̀ ti dúdú fún òógùn ọdún. Ọrùn Fàtímà ló ti bọ́ ọ lọ́jọ́ tí ariwo bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rù. Ó tọrọ abẹ lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Fàtímà," ó sì nawọ́ bí ẹni fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n Ummusalmah ti la ojú rírán tírà náà.

Ummusalmah lọ ilé-kéwú ní Ìlọrin títí ó fi wọlé ọkọ, kò sì gbàgbé lẹ́tà. Ó gbé ìwé náà lọ síwájú pátákó, ó fi ìka kan sórí rẹ̀, ó fi ìka kejì sórí ìlà tí Alfa fà. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ìwé ni ṣíínù, fáù, tọ́ọ̀, sọ́ọ̀dù. Ó wá ojúgbà wọn lórí pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan: álífù, láámù, rọ́ọ̀, núúnù.

"Ọlọ́run," ló kà.

Ó ń bá a lọ. Ó gba àkókò. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sẹ́yìn, kò sí ẹni tó kán an lójú. Nígbà tó parí, ó tún un kà látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré:

"Ọlọ́run Ọba, ọmọ kẹrin rèé. Mẹ́ta ti lọ. Jẹ́ kí èyí dúró ti ìyá rẹ̀. Èmi Àbdùlwàhàb ò mọ̀ ju kí n bẹ̀ Ọ́ lọ."

Rùqáyyà ló túmọ̀ rẹ̀ sí Zarma fún àwọn tó kù, ó sì ní láti dúró lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀ kó tó lè parí.

"Ẹ tàn mí, Alfa," ni Gbàdàmọ́sí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tàn ọ́."

"Ọdún mẹ́tàlá."

"Ọdún mọ́kànlélógójì. Ìwọ nìkan kọ́."

Gbàdàmọ́sí jókòó. Ummusalmah kò tíì kúrò níwájú pátákó. Ó ká ìwé náà padà bó ṣe wà, ó fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Lọ́jọ́ tí mo wá sọ́dọ̀ yín, Alfa," ló wí, "mo sọ fún yín pé mẹ́ta ti lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Àwọn ará ilé wa gan-an ò kà wọ́n mọ́ nígbà yẹn. N ò mọ̀ pé ẹnì kankan gbọ́." Ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì tún ìwé náà fi sínú àpò.

Ọkùnrin Zarma kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Agadez nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní òun ní tírà Alfaga kan lára, ọdún kẹfà rèé, òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí òun tó kúrò níbí.

Alfa rántí i. "Mo ní kí Ọlọ́run mú ọ délé," ló wí, "kó sì fún ọ ní oorun tó tó kí o tó wakọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà fọwọ́ pa àyà, ó ní ìyàwó òun ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kíláàsì náà sì tú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé fi aṣọ nu ọrùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì ní ohun kan láti sọ nípa tíṣà. Kò sí. Ó ní kí Rùqáyyà padà síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí Alfa délé, ó jẹ abọ́ oúnjẹ kan tán, ó béèrè òmíràn. Ó kí ìrun ọ̀sán, ó nà sórí ẹní lábẹ́ dóńgóyárò, ó sì sùn títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Kúbúrá jáde lẹ́ẹ̀mejì wá wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí. Nígbà tó jí, ó sọ fún un pé bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ ni ọrùn òun ṣe rí. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí obìnrin ọlọ́mọ gìrì. Kúbúrá gbọ́ ọ tán.

"Gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ kò ju èyí lọ?" ló bi í. "Èmi ti rò pé ẹ ní ìyàwó kan ní ìlú Dosso."

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lọ geere. Àwọn kan kò wá mọ́. Ẹnì kan ju tírà rẹ̀ gba orí ògiri ilé wọlé láti ìta, kò tilẹ̀ wọlé wá bú u. Alfa Àbdùlrásàq, tí wọ́n jọ ń jókòó ní mọ́sálásí, wá bínú sí i fún wákàtí kan gbáko pé ó tú àṣírí iṣẹ́ fún àwọn tó ń wọ bẹ́líìtì, tí wọn kì í ṣe alfa. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Alfa ṣáà sọ fún òun, álífù àti ṣíínù, ṣé bí wọ́n ṣe ń ká a náà nìyẹn? Alfa fi hàn án.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ń wá pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Àwọn míì mú tírà àtijọ́ wá kó kà á fún wọn, ó sì ń kà á. Àwọn míì ní kó kọ tuntun láìyí i. Ó kọ́kọ́ ń ṣòro fún un, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ kọ álífù, ìka rẹ̀ á ti máa ya sí ṣíínù. Rùqáyyà máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án Àìkú. Ó ní kí bàbá òun kọ́ òun láti fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá, Yorùbá náà sì ń nípọn lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbàdàmọ́sí kò kí Alfa fún oṣù méjì. Bí wọ́n bá pàdé ní mọ́sálásí, a wo ilẹ̀. Alfa kò dá a lẹ́bi, kò sì lépa rẹ̀. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tó gbé yanrìn Bobiel dà sí ojú ọ̀nà, alùpùpù kan dúró lẹ́nu àgbàlá lọ́wọ́ àárọ̀. Gbàdàmọ́sí ló wà lórí rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ibùjókòó àwọn ọmọ kéwú tí omi ti kún.

"Ẹ káàárọ̀, Alfa. Ẹ ò tíì bo ibí yìí?"

"A ò tíì bò ó."

"Páànù mẹ́fà máa bò ó," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Mo máa rán káfíńtà sí yín lọ́la." Ó tẹ alùpùpù rẹ̀, kò tètè dáhùn, ó tún un tẹ̀. "Ìyá Fàtímà ní kí n kí yín," ló wí, ó sì wa alùpùpù náà gba inú ẹrẹ̀ lọ.